Ìwé Tí Ọlọ́pàá Fún Ọmọ Wa Lóru

Àwọn tí wọ́n mọ ìjọ kékeré tí a ń ṣe olùṣọ́-àgùntàn rẹ̀ níhìn-ín ní Los Angeles yóò rántí pé ní ìparí ọdún 2022, odidi oṣù kan ni a kò fi lè gbé àwọn ìyá àgbà wá sí ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. Nígbà tí wọ́n béèrè, a ní ọkọ̀ ní ìṣòro. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n òtítọ́ tí a gé lẹ́sẹ̀ ni. Ọmọ wa ọkùnrin, tí ọ̀rọ̀ náà kàn gan-an, ló sọ fún wa lọ́dún yìí pé, "Dádì, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìjọ. Àwọn tó ní ọmọ tó ń wakọ̀ pọ̀ níbẹ̀." Òun ló fún wa láyè, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a ń tú àṣírí ọmọ ẹni síta.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan ni, nínú oṣù kọkànlá. Aago mọ́kànlá àbọ̀ ti lù. A ti gbàdúrà ìdílé tán, ìyá àwọn ọmọ sì ti ń tòògbé. Ọmọ náà, ẹni ogún ọdún nígbà yẹn, ti gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ wa láti lọ sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, a sì ní kó ra búrẹ́dì bọ̀. Tẹlifóònù wá dún. Iṣẹ́ tiwa yìí ti kọ́ wa pé tẹlifóònù tó bá dún ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ aláìsàn ni tàbí ti olóògbé. Ohùn ọmọ wa la gbọ́: "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ báyìí lóru, ńṣe ni kéèyàn kọ́kọ́ jókòó kó tó gbọ́ ìyókù.

Aládùúgbò wa kan, ọmọ Mẹ́síkò tí kì í ṣe ọmọ ìjọ wa rárá, ló fi ọkọ̀ tirẹ̀ gbé wa lọ. Títì gbọọrọ kan ni, tí ilé ìkẹ́rùsí wà lọ́tùn-ún lósì, irú èyí tí ọkọ̀ akẹ́rù máa ń kún lọ́sàn-án tó sì máa ń dá páropáro lóru. Ọmọ wa jókòó sí etí títì, ó ki orí bọ àárín eékún. Wọ́n ti gbé Honda wa, ọkọ̀ tí a fi ń ṣe iṣẹ́ Olúwa, sórí ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó ọkọ̀ lọ. Láti ìta ni a ti rí tìmùtìmù kan lórí ìjókòó ẹ̀yìn, èyí tí ọ̀kan nínú àwọn ìyá àgbà máa ń jókòó lé nítorí ìbàdí tó ń dùn ún. A kò mọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n tìmùtìmù yẹn ló mú omi bọ́ lójú wa.

A tọ ọlọ́pàá náà lọ. Ẹ jẹ́ ká jẹ́wọ́: ẹ̀jẹ̀ Ìbàdàn ṣì wà lára wa. Ọmọdé ni wá nígbà tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977 tí Wọlé Ṣóyínká sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ lérí, ń dẹ́rù ba àwọn awakọ̀ káàkiri. Màjà-Màjà ni àwọn èèyàn ń pè wọ́n. Síbẹ̀, gbogbo wa la dàgbà pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé kò sí aṣọ iṣẹ́ tí ẹ̀bẹ̀ kò lè rọ̀. A tẹrí ba, a ní, "Ọ̀gá, pásítọ̀ ni wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú wa." Ọkùnrin náà kò bú wa, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀. Bóyá yóò gbọ́ tiyín ju tèmi lọ." Ó wá fi ìwé pélébé kan lé ọmọ wa lọ́wọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, púpọ̀ nínú wa tí a wà lókè òkun rò pé bákan náà ni gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì: o sá ré kọjá iná pupa, o gba ìwé, o fi owó ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ tán. Ohun tí àwa náà rò nìyẹn. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí wọ́n kọ sórí ìwé yìí ni 23109, abala òfin ìrìnnà California tó ń sọ nípa fífi ọkọ̀ sáré ìdíje ní títì ìjọba. Ẹjọ́ ọ̀daràn ni, kì í ṣe ẹjọ́ owó ìtanràn lásán. Ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi nígbà àkọ́kọ́ lè lọ sẹ́wọ̀n láti wákàtí 24 títí dé 90 ọjọ́, tàbí kó san ìtanràn láti 355 dọ́là dé 1,000 dọ́là, tàbí kó jẹ méjèèjì pọ̀. Àwọn owó mìíràn tí kọ́ọ̀tù ń lé lórí ìtanràn kò sí nínú iye yẹn. Wákàtí 40 iṣẹ́ ìlú tí a kò sanwó fún tún ń bẹ níbẹ̀. Adájọ́ lè gba láísẹ́ǹsì rẹ̀ fún 90 ọjọ́ sí oṣù 6, wọn yóò sì kọ àmì 2 sí orúkọ rẹ̀ ní ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì. Ẹni tó bá ti ní àmì 2 láàárín ọdún 3 kò tún lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀dínwó ìnṣọ́ránsì tí wọ́n ń fún awakọ̀ rere. Ní ti ọkọ̀, òfin fún ọlọ́pàá láṣẹ láti gbà á fún 30 ọjọ́, kí ẹjọ́ tilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà tó kó ọkàn wa sókè ju gbogbo èyí lọ. Ìwé ìgbélùú ni ọmọ wa ní. Kò tíì di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Fọ́ọ̀mù tí èèyàn máa ń kún láti di ọmọ ilẹ̀ yìí ń béèrè bóyá wọ́n ti mú ọ rí tàbí bóyá ọlọ́pàá ti kọ̀wé ẹ̀sùn fún ọ rí. Ọmọ tí a gbé wá láti Ìbàdàn nígbà tó wà ní ọdún mẹ́sàn-án, tí a ti ń ka ọjọ́ tí yóò gbé ọwọ́ sókè búra!

Nígbà tí a délé, a kò tíì bọ́ kóòtù tí a fà wọ̀ sórí aṣọ òru tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun dúró ní iná tráfíìkì. Ọkọ̀ kan wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, awakọ̀ rẹ̀ sì ń tẹ iná mọ́ ọkọ̀ náà lójú kan, ó ń mú un bú ramúramù. Wọ́n wo ara wọn. Kò mọ ọmọ náà rí. Iná di àwọ̀ ewé, àwọn méjèèjì sì fọn-ọ́n. Láti iná kan sí iná kejì ni, kò ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ. Títì tí wọ́n ní kí èèyàn má sá ju máìlì 45 lọ, 90 ni ọlọ́pàá kọ pé ó sá. Ọkọ̀ kejì yà sí ọ̀nà ẹ̀gbẹ́, ó sì pòórá.

"Kí ló wá mú ọ ṣe é?" la bi í.

"Mi ò mọ̀, Dádì. Ó wò mí bí ẹni pé mi ò lè ṣe é."

Ibi yìí la ti bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. A mẹ́nu ba Élì àti àwọn ọmọ rẹ̀, a sì mẹ́nu ba Jéhù ọmọ Nímṣì tí olùṣọ́ fi ìwakọ̀ rẹ̀ dá a mọ̀ láti òkèèrè. (Láti ìgbà tí ọmọ yìí ti gba láísẹ́ǹsì ni a ti ń fi Jéhù ṣẹ̀fẹ̀ sí i, àní lórí pẹpẹ. Gbogbo ìjọ máa ń rẹ́rìn-ín. A kò tún ṣẹ irú ẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́.) Ọmọ náà dákẹ́ títí a fi sọ pé a kò mọ ibi tó ti kọ́ irú ìwà yìí. Ó wá gbójú sókè, ó rọra sọ ọ́, kò sì fi àfojúdi kún un: "Dádì, 80 lẹ̀yin náà máa ń sá ní òpópónà ńlá tí ẹ bá ń ti ìsìn àkọ́kọ́ bọ̀ síbi ìkejì. Mo máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín."

Ìyá àwọn ọmọ, tí kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan láti ìgbà tí a wọlé, ní, "Òótọ́ ni." Ó dìde, ó lọ gbé omi ka iná. Máìlì 65 ni òfin fi sí òpópónà yẹn. A ò rí èsì fọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, a lọ sí ibi tí wọ́n kó ọkọ̀ sí. Owó ìgbéṣẹ́ wà, owó ìpamọ́ sì ń gorí rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí a bá ka 30 ọjọ́, ó ju 1,500 dọ́là lọ. Ẹ mọ irú owó tí olùṣọ́-àgùntàn ìjọ kékeré ń gbà. Ní ọjọ́ yẹn ni bàbá kan nínú àwọn àgbà ìjọ, ẹni tó fẹ́ràn wa dénú, wá bá wa nílé. Ó ti gbọ́ lẹ́nu aládùúgbò. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ má dààmú ara yín. Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ìbátan mi. Bí olówó ọkọ̀ bá ti sọ pé òun ò fún ẹni tó wà á láṣẹ, wọ́n á dá ọkọ̀ sílẹ̀ kí oṣù tó pé. Ẹ kàn kọ ọ́ pé ẹ ò mọ̀ sí i."

A wádìí rẹ̀, òótọ́ ni òfin fi àyè yẹn sílẹ̀. Bí ẹni tó wa ọkọ̀ kò bá ní àṣẹ olówó rẹ̀, wọ́n lè dá a padà ṣáájú 30 ọjọ́. Ẹ̀yin ará, a kò sùn lóru ọjọ́ yẹn. A bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wa jiyàn bíi lọ́yà. Ṣé a fún un láṣẹ láti sáré ìdíje? Rárá. Kíláàsì la fún un láṣẹ láti lọ. Ṣé òpópónà tó ti sáré wà lójú ọ̀nà kíláàsì? Kò sí níbẹ̀. Ǹjẹ́ a kò ha lè sọ, pẹ̀lú ẹ̀rí ọkàn rere, pé a kò fún un láṣẹ? Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ìyá àgbà mẹ́rin ń dúró de ọkọ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi. Iṣẹ́ Olúwa ló ń dúró. Kì í ṣe àpò wa là ń rò, àbí?

Ní kùtùkùtù, a gbé gbogbo àlàyé yìí ka iwájú ìyá àwọn ọmọ. Ó tẹ́tí sílẹ̀ títí a fi parí. Ó ní, "Kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún, ọwọ́ ta ló ti gbà á?"

A ní, "Ọwọ́ wa ni."

Ó ní, "Ó tán nìyẹn."

Bí ọkọ̀ ṣe pé 30 ọjọ́ lọ́wọ́ wọn nìyẹn. Ọmọ wa fi owó tó ti ń tù jọ láti ra kọ̀ǹpútà san ìdajì, àwa san ìyókù díẹ̀díẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, a pe àwọn àgbà ìjọ jọ lẹ́yìn ìsìn, a sì sọ òtítọ́ fún wọn láìgé e lẹ́sẹ̀. A retí ìbínú. Bàbá tó ti gbà wá nímọ̀ràn lálẹ́ ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní òun á máa fi ọkọ̀ òun kó àwọn ìyá àgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjókòó rẹ̀ ga, tí wọ́n á sì nílò àpótí láti gùn ún. Ó ṣe é fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ẹ̀yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dun òun náà, ìyẹn ló sì fa ìdádúró tí ẹ rí. Ìyá tó ni tìmùtìmù kò béèrè nǹkan kan nípa ẹjọ́. Ohun tó ń béèrè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni, "Pásítọ̀, tìmùtìmù mi ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀tù ló kù. Ìwé tí ọlọ́pàá fún ọmọ wa ní ibi ìbuwọ́lùwé. Ó bẹ̀rù pé òun ti jẹ́wọ́ pé òun jẹ̀bi nítorí pé òun buwọ́ lù ú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlérí pé wàá yọjú ni. Ẹni tó bá kọ̀ láti yọjú ti dá ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn lọ́tọ̀ nìyẹn, adájọ́ sì lè pàṣẹ pé kí wọ́n wá mú un. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ sínú dúróà nítorí ìtìjú, bí a ti gbọ́ pé ìdílé kan ṣe.

Èrò tiwa ni pé kí ọmọ náà lọ síwájú adájọ́, kó dọ̀bálẹ̀, kó ní òun jẹ̀bi, kí ó parí. Ìwé Òwe orí 28 ẹsẹ 13 là ń tọ́ka sí, ibi tó ti sọ pé ẹni tó bo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ kò ní ṣe rere. Ṣùgbọ́n arábìnrin kan nínú ìjọ, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, bẹ̀ wá pé kí a rí lọ́yà ná. A rí ọ̀kan, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní bí ọmọ tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí bá gbà pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn ọ̀daràn lónìí, kò lè pe ọ̀rọ̀ náà padà lọ́la. Ó ní láti ọdún 2010 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan pé kí lọ́yà ṣàlàyé fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí ohun tí jíjẹ́bi lè ṣe sí ìwé ìgbélùú rẹ̀. Ẹni tí kò lágbára láti san owó lọ́yà, kọ́ọ̀tù yóò yan ọ̀kan fún un nínú irú ẹjọ́ yìí. Ó wá ní ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ohun tí àwọn èèyàn sábà máa ń sọ ni pé àwọn kò jẹ̀bi.

Ọmọ wa yíjú sí wa. "Dádì, ṣé irọ́ ni mo máa pa ní kọ́ọ̀tù?"

Ìbéèrè yìí ló le jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Lọ́yà ní gbólóhùn yẹn kì í ṣe ẹ̀rí nípa ohun tó ṣẹlẹ̀, pé ohun tó túmọ̀ sí ni, "Ẹ fi ohun tí ẹ ní hàn mí." A mọ̀ pé ó lóye iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìjọ wa, a kò mọ èdè mìíràn: bẹ́ẹ̀ ni kó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. A padà sí àwọn ìwé tí a kà ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì. Ákánì jẹ́wọ́ fún Jóṣúà. Pọ́ọ̀lù, ẹ̀wẹ̀, béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìlú Róòmù nígbà tí wọ́n fẹ́ nà án, nínú ìwé Ìṣe orí 25 ó sì ké gbàjarè sí Késárì, síbẹ̀ ó ní bí òun bá ṣe ohun tó yẹ fún ikú, òun ò ní kọ ikú. Ó dà bí ẹni pé méjèèjì lè wà nínú ọkàn kan: kéèyàn má sá fún ìyà, kó má sì fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ ṣòfò. A rò ó títí. A kò lè sọ fún yín pé ìdáhùn tí a rí tẹ́ wa lọ́rùn tán, àní títí di òní.

Ọlọ́run ló la ọ̀nà mìíràn. Òfin kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní California ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2021. Òfin náà fún adájọ́ láṣẹ láti dá ọ̀pọ̀ àwọn ẹjọ́ ọ̀daràn kéékèèké dúró fún ìgbà tí kò ju oṣù 24 lọ, kó sì gbé iṣẹ́ lé ẹni náà lọ́wọ́. Bí ó bá ṣe gbogbo rẹ̀ láìyẹsẹ̀, adájọ́ yóò fagi lé ẹjọ́ náà. Kò pọn dandan kí ẹni náà kọ́kọ́ sọ pé òun jẹ̀bi tàbí pé òun kò jẹ̀bi. Nígbà tí lọ́yà sọ èyí, ọmọ wa mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ìyẹn dára. Mi ò ní parọ́, mi ò sì ní sá."

Ó ti kọ lẹ́tà kan sí adájọ́, ojú ìwé méjì, nínú èyí tó ti sọ ohun gbogbo bó ṣe rí. Lọ́yà ní kó má ṣe fi ránṣẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó yanjú, nítorí agbẹjọ́rò ìjọba lè gbé e dìde lòdì sí i. Ìyá àwọn ọmọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi há inú Bíbélì rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà, nínú oṣù kẹta ọdún 2023, a rò pé odidi òwúrọ̀ ni wọn yóò fi gbọ́ ọ. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Agbẹjọ́rò ìjọba takò ó. Ó ní 90 ní títì 45 kì í ṣe eré ọmọdé, kò sì parọ́. Adájọ́ ka ìwé kíláàsì ọmọ wa, ó ka ìwé tí ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ̀ kọ, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó fún un ní oṣù 12: iṣẹ́ ìlú fún wákàtí 60, ẹ̀kọ́ ìwakọ̀, kò sì gbọ́dọ̀ gba tíkẹ́ẹ̀tì kankan ní gbogbo ìgbà náà. Nítorí pé wọn kò dá a lẹ́bi, adájọ́ kò gba láísẹ́ǹsì rẹ̀. Àwa la gbà á. Oṣù mẹ́fà ni ọmọ náà fi wọ bọ́ọ̀sì, ìgbà mìíràn wákàtí méjì lálọ nìkan, kò sì ráhùn sí wa létí.

Ẹ̀bá òpópónà ló ti ṣe iṣẹ́ ìlú náà, ó ń ṣa ìdọ̀tí nínú oòrùn ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ní ibi ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ ló ti mú ìṣirò kan bọ̀ wálé tí ó lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì wa. Ọkọ̀ tó ń sá máìlì 45 láàárín wákàtí kan ń jẹ ẹsẹ̀ bàtà 66 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá ń sá 90, ẹsẹ̀ bàtà 132 ni. Ṣùgbọ́n bí o bá tẹ búréèkì, ibi tí ọkọ̀ yóò gbà kó tó dúró kò ní jẹ́ ìlọ́po méjì péré. Ìlọ́po mẹ́rin ni. Ọmọ wa ní ohun tó ń yọ òun lẹ́nu nìyẹn, pé ilé ìkẹ́rùsí ni òun rí lọ́tùn-ún lósì lóru yẹn, òun kò bojú wò bóyá ẹnikẹ́ni ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ tó fẹ́ sọdá.

Nígbà tí ẹjọ́ parí tí adájọ́ sì fagi lé e ní oṣù kẹta ọdún 2024, ọmọ náà gba lẹ́tà rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó sì kà á fún ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ. Àwa ni a sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. A sọ fún wọn nípa James Dean, òṣèré sinimá ọmọ ọdún 24 tí ìròyìn rẹ̀ ò tán nílẹ̀ California yìí. Ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹsàn-án ọdún 1955, ó ń wa ọkọ̀ tuntun rẹ̀ lọ síbi ìdíje ọkọ̀ ní Salinas. Ní ọ̀sán, ọlọ́pàá dá a dúró, ó fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì nítorí pé ó sá 65 níbi tí wọ́n ní kó sá 55. Ó gba ìwé náà, ó tẹ̀ síwájú. Kò ju bíi wákàtí méjì lẹ́yìn náà tó fi ko ọkọ̀ mìíràn ní oríta kan nítòsí Cholame, ó sì kú. Nínú oṣù tó tẹ̀ lé e ni sinimá rẹ̀ jáde, èyí tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì ti ń fi ọkọ̀ díje lọ sí etí ọ̀gbun. Àwọn ọ̀dọ́ náà dákẹ́. Ọ̀kan lára wọn wá béèrè bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni eré ọkọ̀ fúnra rẹ̀.

Ìbéèrè rere ni, a kò sì fẹ́ fi ìbẹ̀rù dáhùn rẹ̀. Ní California yìí kan náà ni Wally Parks ti dá ẹgbẹ́ NHRA sílẹ̀ ní 1951, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi ọkọ̀ pa ara wọn ní títì. Ohun tó ń wá ni pé kí wọ́n ní ibi tí òfin gbà, tí dókítà wà, tí kò sí ẹlẹ́sẹ̀ tó ń kọjá. Láti 1961 ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje ńlá kan ní Pomona, kò jìnnà sí wa. A sọ fún wọn pé ẹni tó bá fẹ́ wo eré, kó lọ wò ó níbẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn òbí kò fẹ́ràn èsì wa. Ìyá kan pè wá lórí tẹlifóònù lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ní ó yẹ kí Pásítọ̀ kàn sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. A gbọ́ tirẹ̀.

Ní ọdún 2025, ọmọ wa kún fọ́ọ̀mù láti di ọmọ ilẹ̀ yìí. Lọ́yà ti sọ fún un pé bí adájọ́ tilẹ̀ fagi lé ẹjọ́, fọ́ọ̀mù náà ṣì ń béèrè. Àwọn kan nínú ẹbí ní kó fo ibẹ̀. Ó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ó so ìwé kọ́ọ̀tù mọ́ ọn, ó sì fi ránṣẹ́. Òun nìkan ló wọlé lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Àwa méjèèjì jókòó sínú ọkọ̀ níta, a ń gbàdúrà, ìyá àwọn ọmọ ń fi ìka lu dáṣíbọ́ọ̀dù. Nígbà tó jáde, ó ní òṣìṣẹ́ náà bi òun ohun tó ṣẹlẹ̀, òun sọ ọ́, ó sì béèrè pé ṣé òun ṣì ń sáré. Òun dáhùn pé òun ń gbé àwọn ìyá àgbà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ wa búra nínú oṣù kẹjọ.

Òótọ́ sì ni. Òun ló ń wa Honda náà ní ọjọ́ Ìsinmi báyìí. Àwa náà ti kọ́ láti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ awakọ̀. Ìyá tó ni tìmùtìmù máa ń jókòó sí ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó na ọrùn síwájú, ó ní, "Mélòó lo ń sá yẹn?"

Ọmọ wa ní, "Ogójì ni, Ìyá."

Ó ní, "Ó ti pọ̀ jù."